Dónọ́ọ̀tì Méjìlá Tí Mo Gbé Lọ sí Ṣọ́ọ̀ṣì

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó mọ́. Ọmọbìnrin wa, tí èmi àti ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìlú Laurel ní Amẹ́ríkà, ra àga kan fún mi tó máa ń na ẹsẹ̀ èèyàn síwájú tí a bá ti tẹ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àga náà dára. Mo máa ń wà nínú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà màá dìde, màá lọ sójú fèrèsé, màá wo ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, màá padà wá, màá tún dìde. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ wa. Wákàtí méjìlá ló fi ń ṣiṣẹ́ lóru lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó bá sì ti délé, oorun ló kàn. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ti lọ sí yunifásítì ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Nítorí náà, èmi àti ìyàwó mi la máa ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn kiri nínú ilé lọ́sàn-án gangan, kí a má baà jí i.

Ìrìn ló ń gbà mí. Láàárọ̀, màá wọ bàtà, màá rìn lọ sí etí Route 1, títì ńlá tí gbogbo èèyàn ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Èmi nìkan ni mo sábà máa ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan dúró, ó sọ gíláàsì mọ́tò rẹ̀ kalẹ̀, ó bi mí bóyá mo ṣìnà. Mo ní rárá, mo kàn ń nasẹ̀ ni. Ó wò mí títí. Mo rí i pé kò gbà mí gbọ́.

Níbi ìrìn yìí ni mo ti rí i pé wọ́n ń tún ilé kan ṣe. Ilé ìtajà bàtà ni tẹ́lẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti tì í pa. Wọ́n yọ fèrèsé rẹ̀, wọ́n fi òmíràn tó tóbi sí i, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbọọrọ kan wọlé láti ẹ̀yìn. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ wò wọ́n, débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí mi. Nígbà tó yá, wọ́n ta aṣọ ńlá kan síwájú ilé náà láti sọ fún ayé pé dónọ́ọ̀tì ń bọ̀.

Mo sọ orúkọ tí wọ́n kọ sára aṣọ náà fún ọmọ wa nígbà tó jí.

"Àwọn yẹn ti dé ibí?" Ó jókòó dáadáa. "Dádì, gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì tó wá láti ìhà gúúsù ló máa ń royìn wọn níbi iṣẹ́. Wọ́n ní tí èèyàn bá jẹ dónọ́ọ̀tì wọn ní gbígbóná, á gbàgbé orúkọ ara rẹ̀."

Ó ṣàlàyé pé àwọn ìpínlẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti gbajúmọ̀, pé wọn ò tíì ní ilé kankan lágbègbè wa rí, àti pé ti Laurel yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí kí wọ́n tó lọ sí Largo àti àwọn ibòmíràn.

Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì. "Ṣé ohun tí ẹ ń lọ ṣọ́ láràárọ̀ nìyẹn?" ló bi mí. "Fúláwà náà ni. Wọ́n kàn dá ihò sí i láàárín ni."

Ó lè ṣe yẹ̀yẹ́ mi. Ṣùgbọ́n èmi àti ibi tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí, ọ̀rọ̀ wa ti pẹ́. Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ojú ilẹ̀ ayé ní yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n ṣí ilé ìpápánu kan ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n ti ń ta áísìkiriìmù àti kéèkì nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Àwa mẹ́rin la fi ẹsẹ̀ rìn láti ọgbà ilé ìwé débẹ̀, nítorí a ò ní sùúrù láti dúró de bọ́ọ̀sì. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, nǹkan ti tán. A dúró síwájú gíláàsì, a ń gbóòórùn ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti jẹ, inú wa sì ń dùn. Ó dà bíi pé ìlú ń dàgbà, àti pé ọmọ ọdún kan náà ni àwa àti ìlú náà. Méjì nínú àwa mẹ́rin ti kú. Ẹnì kẹta wà ní Abẹ́òkúta, kò dá ọmọ tó bí mọ̀ mọ́. Mo máa ń rò ó tí mo bá ń rìn: pé èmi nìkan ni mo rántí bí gíláàsì yẹn ṣe tutù lára iwájú orí mi.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ ìyàwó mi dáadáa, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo jókòó kọ. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní oúnjẹ sísè àti aṣọ rírán ní ilé ìwé girama. Tó bá ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kíláàsì, ariwo á dákẹ́ kí bàtà rẹ̀ tó dún dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá sí Amẹ́ríkà láti wẹ ọmọ fún ọmọ wa. Àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n lọ, òun sì kù sílẹ̀ nínú ilé tó jẹ́ pé sítóòfù ibẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tó wá rí ṣe ni pọ́fù-pọ́fù. Ìjọ wa kò ní ilé tirẹ̀. Gbọ̀ngàn àwọn ẹlòmíràn la ń yá lò lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo èèyàn máa ń dúró jẹ ìpápánu kí wọ́n tó wa mọ́tò padà sílé. Ìyàwó mi ló gba ìpápánu yẹn ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé, á po fúláwà, á jẹ́ kó wú, á gbé e sínú fíríìjì. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, á dín in, á tò ó sínú kúlà ńlá kan tó ti tẹ́ bébà sí nísàlẹ̀. Fèrèsé kékeré kan wà láàárín ilé ìdáná àti gbọ̀ngàn náà. Ibẹ̀ ló máa ń dúró sí, á máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún oníkálukú. Ó mọ ẹni tó ń jẹ mẹ́rin. Ó mọ ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ ṣúgà fún, ẹyọ kan lá fún un, á sì máa wò ó kó má lọ tọrọ lọ́wọ́ ọmọdé. Ojú fèrèsé yẹn ló ti máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ẹni tó lóyún, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ jáde. Tí a bá ń padà lọ sílé, òun lá máa sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò títí tí a ó fi dé.

Ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n ṣí ilé dónọ́ọ̀tì náà. Kí oòrùn tó là, mo ti wà níbẹ̀. Mọ́tò ti tò láti ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oúnjẹ títí dé orí Route 1, ọlọ́pàá sì ń darí wọn. Àwa tí a fẹsẹ̀ wá kò pọ̀. Ọmọbìnrin kan tó dé fìlà bébà fún mi ní ẹyọ kan nínú bébà pélébé kí n fi tọ́ ọ wò. Ó gbóná, ṣúgà orí rẹ̀ ṣì ń ṣàn. Kí n tó mọ̀ pé mo ti gé e jẹ, ó ti yọ́. Mi ò ní parọ́: ó dùn. Mo dúró níbẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé, inú mi dùn débi pé mo ra méjìlá. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé páálí náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà rẹ̀. Àwọn ọmọdé ṣùrù bò ó, ó sì tán kí àgbà kankan tó rí ọ̀kan mú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n á padà sọ́dọ̀ mi tí ebi bá pa wọ́n."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alága ìgbìmọ̀ ìgbàlejò ìjọ wa pè mí lórí fóònù, ó ní òun wà nísàlẹ̀ ilé wa, kí n jọ̀ọ́ sọ̀ kalẹ̀. Èèyàn dáadáa ni. Kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún, ọ́fíìsì ìjọba ní Upper Marlboro ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì jẹ́ ẹni tó máa ń dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì kódà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi, mo jókòó tì í.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Mi ò fẹ́ gòkè wá nítorí Màmá. Ọ̀rọ̀ wọn ni mo bá wá."

"Kí ni Màmá ṣe?"

"Oore ni wọ́n ṣe, sà. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ wo bí orúnkún ṣe ń dùn wọ́n, tí wọ́n sì ń dúró bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ wá gbé dónọ́ọ̀tì yẹn wá, gbogbo wa wo ara wa. A ní, ọ̀nà àbáyọ rèé. A ó máa ra dónọ́ọ̀tì lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á ní Sọ́ńdè-Sọ́ńdè. Màmá á jókòó bí àwọn ìyá yòókù, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Sọ́ńdè tó ń bọ̀, a fẹ́ pè wọ́n síwájú, ká fi ẹ̀bùn dá wọn lọ́lá."

"Ṣé ẹ ti sọ fún un?"

Ó wò mí bíi pé mo sọ̀rọ̀ àjèjì. "Bàbá, báwo la ṣe máa sọ fún Màmá láìtíì gbàyè lọ́wọ́ yín? Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n."

Mo ti ro gbólóhùn yẹn lọ rò ó bọ̀ láti ìgbà náà. Òótọ́ ni pé mo ro ti orúnkún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúnkún nìkan. Ní Amẹ́ríkà yìí, ọmọ mi ló ń bá mi bá dókítà sọ̀rọ̀, ọmọ mi ló ń bá mi bá báńkì sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti wá gbàyè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo gbé ọrùn sókè nínú mọ́tò yẹn. Mo ní, "Kò burú. Mo fọwọ́ sí i. Èmi fúnra mi ni màá bá a sọ ọ́."

Mi ò bá a sọ ọ́. Ní Ọjọ́rú, ó ń fi òróró pa orúnkún, mo rí àyè. Mo ní, "Ó yẹ kí o máa sinmi."

"Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń sinmi," ló wí. "Ó ti sú mi."

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rìn lọ sí Route 1, tí mo padà láìwọ ibì kankan. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó ní kí n bá òun gbé àpò fúláwà láti inú mọ́tò ọmọ wa. Mo gbé e gòkè, mo gbé e kalẹ̀, mo tún gbé e láti ibi tí mo gbé e sí lọ síbòmíràn. Ó bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Mo ní kò sí nǹkan kan, ojú ọjọ́ ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, fóònù rẹ̀ dún nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú fúláwà. Ó ní kí n bá òun gbé e sí etí òun. Bí mo ṣe gbé e sí i, mo gbọ́ ohùn alága náà ketekete.

"Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Aṣọ tí ẹ máa wọ̀ lọ́la ni mo fẹ́ mọ̀, mà, nítorí àwọn tó máa ya fọ́tò. Ẹ má sì ṣe wàhálà dídín nǹkan kan o. Bàbá ti sọ fún wa pé ẹ gbà láti sinmi. Inú gbogbo ìgbìmọ̀ dùn."

Mi ò lè gbé fóònù kúrò. Ìyàwó mi kò wò mí. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ." Lẹ́yìn náà, ó sọ fún mi pé, "Ẹ gbé e kúrò létí mi."

Ó ń lu fúláwà náà lọ.

"Ìgbà wo ni mo gbà?"

"Ó wá bá mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní..."

"Ìgbà tó wá kọ́ ni mo bi yín. Mo ní ìgbà wo ni èmi gbà."

"Orúnkún rẹ ni mo rò."

"Orúnkún mi ò rán yín níṣẹ́." Ó yọ ọwọ́ rẹ̀, ó ń nu ìka kọ̀ọ̀kan. "Ó ní ẹ̀yin lẹ ni mí, àbí? Ó sì dùn mọ́ yín. Mo mọ̀ yín."

Mo gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì.

"Dónọ́ọ̀tì ò ṣe mí ní nǹkan kan," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìlú yìí, ibi kan ṣoṣo ni mo ti ń jẹ́ èèyàn tí wọ́n ń wá, ojú fèrèsé yẹn ni. Ẹ jókòó sínú mọ́tò onímọ́tò, ẹ fi ta á lọ́rẹ."

Ọmọ wa ti jí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ oorun rẹ̀, ó ti gbọ́ èyí tó gbọ́. "Dádì," ló wí, "lọ́sibítù wa, a kì í gbàyè lọ́wọ́ ẹlòmíràn ká tó gún aláìsàn tí ojú rẹ̀ là lábẹ́rẹ́. Òun la máa ń bi."

Mo ní kí n pe alága náà padà, kí n sọ pé mo ṣe àṣìṣe.

"Ẹ má pè é," ni ìyàwó mi wí. "Ẹ ti sọ̀rọ̀ tó."

Mo jáde. Mo rìn dé iwájú ilé dónọ́ọ̀tì náà, mo rí àwọn èèyàn tó ń jáde pẹ̀lú páálí, inú wọn ń dùn, mo sì yí padà. Nígbà tí mo délé, fúláwà ti wà nínú fíríìjì.

Ó dín in láàárọ̀ ọjọ́ kejì bó ṣe máa ń ṣe. Èmi ni mo gbé kúlà wọ gbọ̀ngàn. Alága náà rí kúlà, ó wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Lẹ́yìn ìwàásù, wọ́n pe ìyàwó mi síwájú. Wọ́n fún un ní àwo gíláàsì tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, wọ́n fi ìborùn kan bo èjìká rẹ̀, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé máìkì fún un kó sọ pé ẹ ṣeun.

Ó ní, "Ẹ ṣeun. Mo gba ẹ̀bùn yín, mo gba ìfẹ́ yín. Wọ́n ní mo fẹ́ sinmi. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ sinmi, ẹnu èmi lẹ ó ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu ọkọ mi."

Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi gbà á. Mo wo bàtà mi.

"Mo mọ̀ pé mò ń dàgbà. Ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, inú mi á dùn. Kó wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé, kí n kọ́ ọ. Títí dìgbà náà, kí dónọ́ọ̀tì wà lórí tábìlì, èmi náà á wà lójú fèrèsé mi."

Bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn ọmọdé lọ sídìí tábìlì, àwọn àgbà lọ sójú fèrèsé, àwọn kan jẹ méjèèjì. Nígbà tí a ń lọ, alága náà wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó ní kí Màmá dárí ji òun.

"Dìde, ọmọ mi," ló sọ fún un. "Ìwọ béèrè. Ẹni tó dáhùn ni mò ń bá wí."

Kò sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà. Odindi ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń dá mi lóhùn tí mo bá bi í ní nǹkan, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ kankan bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Sátidé dé, ó gbé abọ́ méjì sórí tábìlì ìdáná. Ó gbé ẹpúrọ́ọ̀nù kan, aṣọ tí wọ́n fi ń dáná, lé orí àga. Ó wọn fúláwà, ó wọn ṣúgà, ó gbé yíìsì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó jókòó. Kò sẹ́ni tó wá. Mo mọ ìdí rẹ̀, òun náà mọ̀ ọ́n: ìdajì àwọn obìnrin ìjọ wa wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sibítù, àwọn yòókù ń fi mọ́tò gbé ọmọ kiri lọ síbi bọ́ọ̀lù àti dùùrù. Ẹnì kan pè, ó ní bóyá lóṣù tó ń bọ̀. Mo lọ sójú fèrèsé, mo padà wá. Mo tún lọ. Kò sí mọ́tò tó yà wọlé. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó na ọwọ́ sí abọ́ kejì láti gbé e kúrò.

Mo ká ọwọ́ ẹ̀wù mi sókè.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"O ní ẹni tó bá fẹ́ ni."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Láti ọdún tí a ti ṣègbéyàwó, mi ò fọwọ́ kan fúláwà rí àfi tí mo bá gbé àpò rẹ̀. "Ẹ bọ́ òrùka yín," ló wí níkẹyìn. "Ẹ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Kì í ṣe bí ẹni tó fẹ́ jẹun. Ẹ fọ̀ ọ́."

Mo fọ̀ ọ́. Ó ní kí n tún un fọ̀. Ó so ẹpúrọ́ọ̀nù mọ́ mi láti ẹ̀yìn, ó fà á le ju bó ṣe yẹ lọ. Mo da omi yíìsì sí fúláwà, mo kó ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó lẹ̀ mọ́ mi níka bí ohun tí kò fẹ́ fi mí sílẹ̀ mọ́. Ohùn tó fi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé yẹn ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀.

"Ẹ lù ú. Ẹ máa ti abẹ́ gbé e wá sókè. Ẹ yé fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ àlejò."

Apá ń ro mí. Mo lù ú títí ó fi ń dán. Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ wò, kò yìn mí, kò sì bú mi. Ó fi aṣọ bò ó, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù níbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó jókòó sí òdìkejì tábìlì.

Mi ò lè dúró. Mo dìde, mo ṣí aṣọ náà, mo wò ó. Kò tíì wú. Mo jókòó. Mo tún dìde.

"Tí ẹ bá tún ṣí i," ló wí, "ẹ ó dà á nù, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Mo jókòó, mo gbé ọwọ́ méjèèjì tó kún fún fúláwà lé orí ìtan mi. Mo bi í pé ó ku ìṣẹ́jú mélòó. Ó ní òun ni yóò sọ.